Owó Ti Wọ Inú Kọ̀ǹpútà, Ẹ Jẹ́ Ká Tẹ̀ Lé E Wọlé



Iṣẹ́ báǹkì ni àwa alukoro yín ń ṣe, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ owó la tún gbé dé. Lórí ìwé ńlá onílà ni wọ́n ti kọ́ wa ní ìṣirò owó: èyí tó wọlé lápá òsì, èyí tó jáde lápá ọ̀tún. Owó ti kúrò níbẹ̀. Ní 2012 ni Báǹkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò dídín owó ọwọ́ kù ní Èkó; ní 2014, BVN dé.

Ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, fi ₦180,000 ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó ọjà fún un ní Oǹdó. Wọ́n yọ owó, owó kò dé. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ báǹkì náà bò. Àwa oníṣirò yẹ ìwé wò, ó bára mu. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà yẹ ẹ̀rọ wò, ó ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìyá yìí fi ń pààrà ọ̀dọ̀ wa tẹkúntẹkún, títí ọjà tó fẹ́ rà fi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó, tó sì padà lọ gba masters nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ló tú u. Ó to àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ àti ti owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò tó wákàtí méjì. Owó náà jókòó sínú àkáǹtì tí wọ́n máa ń kó owó tí kò tíì rílé sí. Kò sẹ́ni nínú wa tó mọ ibi tí a ó ti bèèrè rẹ̀.

ICAN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, iyì ni. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ wa fi ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e. FUTA wà ní Àkúrẹ́ níbí láti 1981. Ìdánwò CISA náà wà fún àwọn tó ń yẹ ètò kọ̀ǹpútà wò: ìbéèrè 150 ní wákàtí 4.

Ṣé àwa náà ti lọ? Fọ́ọ̀mù tí a rà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ojú ló ń tì wá láti jókòó ti àwọn ọmọ tó lè pè wá ní dádì.

Owó ìdánwò ICAN nìkan ni àpò ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa ń san látìgbà tó ti wà. A ń tọrọ pé kó máa ran ẹnì kan lọ́wọ́ lọ́dọọdún láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ alápá méjì yìí. Bí aṣọ ẹgbẹ́ bá di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, owó náà yóò yọ. A mọ̀ pé àwọn ìyàwó wa yóò bínú. A ó gbé e wá sípàdé oṣù tó ń bọ̀.