Ọ̀rọ̀ Lórí Sọ́kẹ́ẹ̀tì Ilé Ìwẹ̀ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí Akápò sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́)

  

Mi ò ní pẹ́ lórí ìdúró. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá ẹlẹ́ja wa nínú ilé ìwẹ̀ ẹgbẹ́. Ó wẹ̀ tán, ara rẹ̀ ò tíì gbẹ, ó ní kóun yọ fóònù òun lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáwà, ni iná bá gbé e. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n mú iná lọ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo dúpẹ́ pé iná lọ nìyẹn.

Kí n má purọ́, èmi gan-an wà lára àwọn tó ní kí wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn síbẹ̀. Ohun tá a rò ni pé ibẹ̀ ló ní ìlẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, wọn ò ní rí fóònù wa jí. Olè la rò, a ò ro omi.

Mo bi oníná kan léèrè pé, ṣebí fíùsì wà nínú púlọ́ọ̀gì, kí ló dé tí kò já? Ó ní fíùsì ò mọ èèyàn, wáyà ló ń ṣọ́. Fíùsì amp 13 kì í já àfi tí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá ju amp 13 lọ. Iná 230 volt ló ń wọ ilé wa. Tí ara bá tutù, tẹ́sẹ̀ ò sì wọ bàtà, èyí tó máa gba ara èèyàn kọjá lè má tó ìdá kan nínú mẹ́rin amp kan. Ìyẹn sì ti tó láti dá ọkàn dúró, fíùsì ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kì í sì í ṣe ìwẹ̀ nìkan o. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán, ọwọ́ àtẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bákan náà.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta tá à ń lò yìí, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìlànà iṣẹ́ iná ò fàyè gba irú rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, àfi tó bá jìnnà dáadáa sí etí ibi ìwẹ̀. Mítà 3 ni wọ́n ní lọ́dún 2008. Ní 2022 wọ́n sọ ọ́ di mítà 2 àti ààbọ̀. Ìyẹn ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Tiwa ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ méjèèjì níbẹ̀, ẹ ó kan ògiri méjèèjì. Kò síbi tá a fẹ́ sún un sí nínú ilé yẹn, ó gbọ́dọ̀ bọ́ síta.

Bíbọ́ síta náà ò sì tó tá a bá tún ń fa ẹkítẹ́nṣọ̀n wọlé. Ní London, lóṣù December 2016, ọkùnrin kan kú sínú ọpọ́n ìwẹ̀ níbi tó ti ń ṣáájì fóònù. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ló ti fa ẹkítẹ́nṣọ̀n wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ki bọ́ílà bọ báàkẹ́ẹ̀tì lásìkò ọyẹ́, ẹ gbọ́ o. Iná á lọ, ẹ ó gbàgbé púlọ́ọ̀gì, ẹ ó tọwọ́ bomi wò bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà yẹn gan-an làwọn ọmọ á pariwo “Ọ́ọ̀pù NEPA!” (NEPA ti di PHCN látọdún 2005, IBEDC ló ń pín iná fún wa báyìí, ariwo náà ò yí padà.) Ẹ kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan omi. Nínú ilé ìwẹ̀ ẹgbẹ́, a ò fẹ́ bọ́ílà mọ́ rárá.

Oníná tó ní ìwé àjọ NEMSA la máa pè. Á yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, á gbé súwìṣì gílóòbù síta, á sì fi bíréékà tó ń já fúnra rẹ̀ síbẹ̀, èyí tí kò ju ìdá 30 nínú 1,000 amp lọ tó bá ti ṣì ọ̀nà, á já. Ó ní bọ́tìnnì T lára. Ìyá tó ń gbowó ìwẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ìta gbígbẹ la ó ti máa ṣáájì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, owó ṣáájì tó ń wọlé níbẹ̀ ńkọ́? Èmi ni mò ń kà á. Kò tó owó ìsìnkú.

Tí iná bá gbé ẹnì kan, ẹ má dì í mú o. Ẹ sáré pa súwìṣì àgbà tàbí jẹnẹrétọ̀. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, igi gbígbẹ lẹ ó fi tì í kúrò, kẹ́ ẹ dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ilé ìwẹ̀ á wà ní títì títí oníná á fi parí. Fóònù mẹ́ta tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kí àwọn tó ni wọ́n wá gbà á.