Owó Tí A Dá Ní Orúkọ Ẹlòmíràn
(Ọ̀rọ̀ tí alukoro sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa)



Ẹnìkan wà nínú wa tí kò wá sí ìpàdé mọ́ láti ọdún méjì. Níbi ìnáwó wa kan, olóòtú ètò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń ka orúkọ kálukú àti iye tó wà nínú àpòòwé rẹ̀. Nígbà tó kan tiẹ̀, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa wà níbẹ̀. A kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a gbọ́ bí àwọn Júù ṣe ń ṣe nínú sínágọ́gù wọn. Bí ará ìjọ kan bá ṣe ìgbéyàwó, bí ara rẹ̀ bá yá, tàbí bí òkú rẹ̀ bá pé ọdún, àwọn yòókù á dá owó sínú àpò àánú ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń dá 18 tàbí 36, torí pé bí wọ́n bá ṣírò lẹ́tà ọ̀rọ̀ wọn fún ìyè, 18 ni. (Àwa ará báǹkì gbádùn èyí!) Ìjọ á wá kọ̀wé sí ẹni náà pé lágbájá ṣe ìtọrẹ ní orúkọ yín. Wọn kì í sábà kọ iye owó sí i.

Kò ṣàjèjì sí wa. Ṣebí àwọn àgbà wa ń ṣe sàráà nítorí òkú wọn. Nígbà tí Gómìnà Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, kú ní 1885, gbọ̀ngàn ni wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ̀.

Owó tí a ń ná fún ọlọ́jọ́ ìbí lójú agbo ńkọ́? Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 ti kà á léèwọ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn ₦50,000, ó kéré tán.

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò. Irú owó bẹ́ẹ̀ yóò máa lọ sí owó ìdánwò WAEC àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní. Ọlọ́jọ́ yóò gba lẹ́tà tí orúkọ àwọn tó dá a wà nínú rẹ̀. Akápò nìkan ni yóò mọ iye. Àwọn kan ní bí a kò bá kà á sétígbọ̀ọ́, owó kò ní wọlé. Ó lè dínkù lọ́dún kìíní lóòótọ́.

Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ akápò. Arákùnrin wa tí kò wá mọ́ yẹn ni a kọ́kọ́ dá owó ní orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ yóò dé ilé rẹ̀ ní Ìbàfò lọ́jọ́ Ajé.