Orúkọ Tí Ọmọ Awo Ń Pe Olùkọ́ Rẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ lónìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré: kí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa pe olùkọ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n nà mí ní ilé ìwé nítorí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Olùkọ́ náà dáhùn pé òun kì í ṣe bàbá mi, "sà" ni kí n máa pe òun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé ara wa. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tí ó la ilẹ̀ wa kọjá. Ọmọ tí ó ń kàwé ní Ìlaròó ń pe olùkọ́ ní "tíṣà" tàbí "sà". Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń kàwé ní Kétu tàbí Sakété, ní Orílẹ̀-èdè Benin, ń pè é ní "maître". Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá lọ kọ́ Ifá, ohun kan náà ni wọn yóò pe ẹni tí ń kọ́ wọn: "Bàbá mi", "Olúwo mi". Ààlà pín ilé ìwé. Kò pín ilé awo.

Kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi "sà" ṣe? Nínú èdè wọn lóde òní, kò sí "ẹ", kò sí "o". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bá àgbà àti ọmọdé wí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi "sà" kún un kí ọ̀wọ̀ lè hàn. Èdè tiwa kò ní àlàfo bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ ti pé nínú "Ẹ káàárọ̀" kí "sà" tó dé.

Gbogbo ìlú ni ó ní tirẹ̀. Ní Sweden, orúkọ àbísọ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pe olùkọ́, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí àfojúdi. Àwọn ará Jàpáánù ń pè é ní "sensei", èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí a bí ṣáájú. Nínú awo, kì í ṣe ẹni tí a bí ṣáájú ni àgbà, bí kò ṣe ẹni tí ó wọ igbódù ṣáájú. Bí arúgbó bá ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin, bàbá ni yóò máa pè é.

Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà pàdánù ohun púpọ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń pe igbá-kejì olùkọ́ ní "oyugbona", ojúgbọ̀nà tiwa gan-an. Olùkọ́ àgbà ni wọ́n ń pè ní "padrino", orúkọ tí àwọn Sípéènì ń pe bàbá ìsàmì. Èdè yí padà. Bàbá kò yí padà.

Ṣùgbọ́n orúkọ yìí, gbèsè ni. Láyé àtijọ́, ọmọ awo ń gbé ilé olùkọ́, ó ń bá a ro oko, ó ń ru àpò rẹ̀. Olùkọ́ náà ń bọ́ ọ, ó sì ń kọ́ ọ ní ẹsẹ Ifá. Lónìí, àwọn kan nínú wa ń gba ìdọ̀bálẹ̀, wọ́n sì ń gba owó. Ọdún mẹ́ta yóò kọjá, ọmọ kò ní mọ ẹsẹ méjì nínú Èjì Ogbè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ kan ń kó ẹsẹ Ifá jọ lórí fóònù, tí wọn kò ní ẹnì kan tí wọ́n lè pè ní bàbá.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: níbikíbi tí a bá ti ń kọ́ ọmọ ní àṣà wa, kí ó máa pe olùkọ́ rẹ̀ ní bàbá tàbí ìyá. Kí olùkọ́ má sì gba orúkọ náà bí kò bá fẹ́ ru ẹrù rẹ̀.

Olùkọ́ tí ó nà mí kò purọ́: kò fẹ́ jẹ́ bàbá mi. Kí àwa má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kankan.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.