Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Bá Ń Kiri Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, akọ̀ròyìn, sọ níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

  

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní pólì, èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Àmọ́ wọ́n wá sílé mi lọ́jọ́ kan, wọ́n rí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì ìyá mi, wọ́n ní, "Kí lèyí?" Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ohun tí wàá sọ fún wọn nìyẹn." Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́, Alága ni kí ẹ bá wí.

Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni wọ́n ń gún lójoojúmọ́. Ínsúlínì tí a kò tíì ṣí, inú fìríìjì ni ilé rẹ̀, láàárín dígírì 2 sí 8. Bó bá dì bí yìnyín, ó ti bàjẹ́. Bó bá gbóná jù, agbára rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, èèyàn ò sì ní fi ojú rí i. Ẹ̀yin náà ẹ mọ iná tiwa. Wọ́n á mú un lọ láàárọ̀, ó lè di òru kí wọ́n tó dá a padà. Ìyá mi á ṣí fìríìjì, wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ṣì tutù." Bí wọ́n ṣe ń ṣí i wò yẹn gan-an ni òtútù inú rẹ̀ ń sá jáde! Mo wá ní ó yẹ kí a lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe tutù tó láì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

Mi ò fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà ń jẹ owó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa sì dà bí àlejò, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. Bluetooth ni mo yàn, torí kò béèrè dátà, kò béèrè káàdì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ ní kúkúrú. Ilé-iṣẹ́ márùn-ún, Ericsson, Intel, Nokia, IBM àti Toshiba, ló dá ẹgbẹ́ Bluetooth sílẹ̀ ní 1998. Orúkọ ìnagijẹ ọba Denmark kan láyé àtijọ́, Harald Eléyín Búlúù, ni wọ́n fi sọ ọ́. Bluetooth ìgbà yẹn ń jẹ iná, bátìrì kékeré ò lè bọ́ ọ. Ní 2006, Nokia gbé òmíràn jáde tí iná díẹ̀ ń tó, wọ́n pè é ní Wibree. Nígbà tó di 2010, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Bluetooth nínú ìlànà 4.0. Òun là ń pè ní Bluetooth Low Energy. Àṣírí rẹ̀ ò ju pé ó mọ oorun-ún sùn lọ. Á jí, á sọ gbólóhùn kan, á tún sùn. Ìdí nìyẹn tí bátìrì pẹlẹbẹ bí owó kọ́bọ̀ fi lè gbé ohun èlò kékeré fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rántí ẹlẹ́kọ tó máa ń gba ẹ̀yìn ọgbà wa kọjá láàárọ̀? Kì í já wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Á kígbe, á dákẹ́, á rìn díẹ̀, á tún kígbe. Ẹni tí ebi ń pa ló máa pè é. Bí wọ́n bá ti pè é, á sọ igbá kalẹ̀, á dákẹ́ ariwo, á dojú kọ oníbàárà rẹ̀. Bí Bluetooth yìí ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìpolówó gan-an ni àwọn tó kọ ìlànà náà pe igbe yẹn lédè tiwọn. Ẹni tó ń kiri, peripheral lorúkọ rẹ̀: aago ọwọ́, tàbí ohun tí à ń so mọ́ àyà láti ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹni tó ń rà ni fóònù tàbí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀nà 40 ni rédíò rẹ̀ ní. Mẹ́ta péré, 37, 38 àti 39, ni oríta tó ti ń polówó, ibi tí ariwo Wi-Fi ò ti ní bò ó mọ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi wọ́n sí. Bí ìpolówó bá ń tẹ̀ léra kíákíá, oníbàárà á tètè gbọ́, ṣùgbọ́n bátìrì á tètè kú. Bó bá ń pẹ́ kó tó kígbe, bátìrì á pẹ́, oníbàárà á sì ní sùúrù. Ẹrù tí igbe kan lè gbé ò pọ̀: báìtì 31 ni, nínú ìlànà àkọ́kọ́. Àwọn orúkọ ìnagijẹ gígùn tí a ń pe ara wa nígbà náà lọ́hùn-ún, òmíràn ò ní wọlé!

Ní ti kọ̀ǹpútà, ipò oníbàárà ló ti mọ́ ọn lára. Òun ló ń pe kíbọ́ọ̀dù, òun ló ń pe máòsì. Ohun tí mo fẹ́ ni kó sọ̀ kalẹ̀ nípò ọ̀gá, kó gbé igbá rù, kó máa kiri.

Raspberry Pi 3 ni mo lò, kọ̀ǹpútà tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n gbé jáde ní 2016 pẹ̀lú Bluetooth nínú rẹ̀. Linux ló wà lórí rẹ̀, BlueZ ló sì ń bójú tó Bluetooth níbẹ̀. Ẹni tó ní Windows 10 ti ọdún 2017 síwájú, tàbí Mac, náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ètò tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun àkọ́kọ́, ẹ ṣí bluetoothctl, ẹ tẹ power on, lẹ́yìn náà ẹ tẹ show. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ peripheral wà lára iṣẹ́ tí rédíò yín lè ṣe. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fagídí ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ to igbá. Igbá náà ní apá-apá. Apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní service, ohun tó wà nínú apá náà sì ni characteristic. Ìwé ìlànà ti fún àwọn tó wọ́pọ̀ ní nọ́ńbà. Bí ọkàn ṣe ń lù, 180D ni. Bátìrì, 180F ni. Ipò àyíká, 181A ni, ooru àti òtútù tó wà nínú rẹ̀ sì ni 2A6E. Nọ́ńbà yìí ló jẹ́ kí fóònù tí kò rí ọ rí mọ ohun tí o ń tà. Nínú menu gatt, ẹ fi register-service kọ 181A sílẹ̀, ẹ fi register-characteristic kọ 2A6E, ẹ sọ pé kíkà ni wọ́n á máa kà á, ẹ kọ iye tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ wá tẹ register-application.

Èyí tó kù ni ariwo. Ẹ tẹ back, ẹ wọ menu advertise, ẹ fún un lórúkọ, ẹ tún tẹ back, kí ẹ tẹ advertise on. Mo ṣí áàpù nRF Connect lórí fóònù mi, mo sì rí i: FIRIJI-IYA. Èmi náà pariwo!

Ṣùgbọ́n iye tí èèyàn fọwọ́ kọ ò lè yí padà fúnra rẹ̀. Mo ti òṣùwọ̀n oníwáyà kan bọ inú fìríìjì, DS18B20 lorúkọ rẹ̀, ó lè fi ìdajì dígírì yẹ̀. Mo wá fi èdè Python kọ ètò tí á máa kà á, tí á sì máa gbé iye tuntun sínú igbá. Àpẹẹrẹ irú ètò bẹ́ẹ̀ wà nínú BlueZ fúnra rẹ̀, example-gatt-server ni wọ́n pè é. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo parí rẹ̀. Mo wo iye rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó pé. Oorun ń kùn mí, mi ò wò ó lórí fóònù. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, iná ti lọ láti òru. Ìyá mi pè mí.

"Àkànní, ẹ̀rọ rẹ ní dígírì 33. Mo ti kó abẹ́rẹ́ sínú ọ̀rá, mo fẹ́ lọ dà á nù."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ti ọwọ́ bọ fìríìjì wò."

"Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ní ó tutù, ẹ̀rọ rẹ ní ó gbóná. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi bù máṣọ. Abẹ́rẹ́ oṣù kan ló wà nínú ọ̀rá yẹn, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń tà á báyìí. Mo ní kí wọ́n dá a padà sínú fìríìjì kíá, kí wọ́n má da nǹkan kan nù, mo sì wọ ọkọ̀ bọ̀ nílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìlànà ní kí a kọ dígírì ní ìdá ọgọ́rùn-ún. 5.25 á di 525. 525 yìí á wọ inú báìtì méjì: 2 àti 13, torí pé 256 lọ́nà méjì, kí a fi 13 kún un, ló jẹ́ 525. Ìlànà ní kí kékeré ṣíwájú: 13, kí 2 tẹ̀ lé e. Èmi fi ńlá ṣíwájú. Fóònù ka 2 sí ẹyọ, ó wá ka 13 sí iye ìgbà tí 256 wà níbẹ̀. 256 lọ́nà 13, kí a fi 2 kún un, jẹ́ 3330. Dígírì 33.30 nìyẹn! Kọ̀ǹpútà ò purọ́, fóònù ò purọ́, òṣùwọ̀n ò purọ́. Èmi ni mo to igbá sódì.

Mo rí olùkọ́ ìṣirò wa níwájú níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Sà, mo rántí: "Ẹyọ lábẹ́ ẹyọ, ẹ̀wá lábẹ́ ẹ̀wá!" Ó lé lógún ọdún kí ẹ̀kọ́ JSS 1 yẹn tó wọ̀ mí létí dáadáa. Ẹ forí jì mí, sà.

Mo tún un ṣe lóru ọjọ́ náà. Mo ra òṣùwọ̀n onígíláàsì lọ́jà, mo gbé e sínú fìríìjì kí ó máa ṣe ẹlẹ́rìí. Mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: bí ọwọ́ àti ẹ̀rọ bá ń jà, ẹ pe Àkànní kí ẹ tó da nǹkan nù. Bí a bá sì ń ṣiyè méjì nípa abẹ́rẹ́ náà, ọ̀dọ̀ oníṣègùn là ń lọ. Ẹ̀rọ kì í ṣe dókítà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ gbọ́ nǹkan mẹ́ta. Ẹni gbogbo tó wà nítòsí ló ń gbọ́ ìpolówó, torí náà ẹ má polówó àṣírí. Ògiri àti ọ̀nà jíjìn ń dí i lọ́wọ́. Láti pálọ̀ wa dé iyàrá ìyá mi ló mọ. Ẹ má sì rò pé kọ̀ǹpútà á di ẹni tí kì í jẹ iná nítorí pé ó ń kiri. Rédíò rẹ̀ nìkan ló ń jẹ díẹ̀. Odindi kọ̀ǹpútà ṣì ń jẹun, páwà-báǹkì ló ń gbé tiwa bí iná bá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí bátìrì kékeré gbé e, kó fi kọ̀ǹpútà dán ètò rẹ̀ wò títí á fi pé, kó tó lọ ra ohun èlò kékeré tí á máa ṣe iṣẹ́ náà.

Mo fẹ́ tọrọ nǹkan kan kí n tó jókòó. Àwọn ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ wa báyìí mọ fóònù lò jù wá lọ, ṣùgbọ́n oníbàárà ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ra kọ̀ǹpútà kékeré mẹ́ta mẹ́rin àti òṣùwọ̀n fún yàrá ẹ̀kọ́ físíìsì, kí àwọn náà kọ́ bí a ṣe ń to igbá. Bí wọ́n bá fi báìtì sódì, kí ó jẹ́ níbẹ̀, níwájú olùkọ́, kì í ṣe lórí abẹ́rẹ́ ìyá ẹnì kan. Èmi á wá kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá mi ní kí n kí yín. Ara wọn le. Nígbà tí mo ń jáde láàárọ̀ yìí, wọ́n wo fóònù, wọ́n ní, "Mẹ́fà ni." Síbẹ̀, wọ́n ṣí fìríìjì, wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ wò.