Oògùn Ara Ríro: Orúkọ Ló Yàtọ̀, Ìdílé Kan Ni
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹ̀ka Minna sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kì í sì í ṣe oníṣègùn. Ohun tí ojú mi rí, àti èyí tí dókítà là yé mi, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀gúsí ni mò ń kó láti Minna lọ sí Ìbàdàn. Àpò gbígbé láti ogún ọdún ti ba orúnkún àti ìbàdí mi jẹ́. Ní ọdún tó kọjá, mo ń lo diclofenac ní òwúrọ̀, mo sì ń lo ibuprofen ní alẹ́, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ wọn kò jọra, àwọ̀ wọn kò jọra, mo sì rò pé ọ̀kan yóò ran èkejì lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ìrora lọ lóòótọ́. Nígbà tó yá, inú ń ta mí, òòyì ń kọ́ mi, ìgbẹ́ mi sì dúdú bí ọ̀dà títì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má rẹ́rìn-ín: ẹ̀jẹ̀ ló dúdú bẹ́ẹ̀. Owó ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí wà nínú èyí tí a fi ra ẹ̀jẹ̀ fún mi. Ọwọ́ èmi náà ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé.

Dókítà ní ọmọ ìyá kan náà ni oògùn méjèèjì. Piroxicam, indomethacin àti naproxen wà nínú ìdílé náà. Aspirin tí Bayer ti ń tà láti ọdún 1899 ni ẹ̀gbọ́n wọn. Aspirin yìí náà ló wà nínú Alabukun tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1918. Oògùn gidi ni wọ́n bí a bá lò wọ́n bó ti yẹ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe da méjì pọ̀.

Ní ọdún 1971, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Vane, fi hàn bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ohun kan wà tí ara ń ṣe tó ń mú kí ojú ibi tó farapa wú, kó sì máa dunni. Irú ohun yìí kan náà ló ń dáàbò bo inú ikùn, tó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé kíndìnrín dáadáa. Oògùn náà kò mọ èyí tí ì bá fi sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń dí. Ìdí nìyí tí jíjẹun kí a tó lò ó fi dára, ṣùgbọ́n tí kò tó. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pàápàá kò bọ́, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà dé ikùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù ní ọjà Kure, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù. Ẹ lo ìwọ̀n tó kéré jù tó lè ràn yín lọ́wọ́, fún ọjọ́ díẹ̀. Diclofenac kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 150 lọ lóòjọ́ fún àgbàlagbà. Bí ìrora kò bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, dókítà ló kàn. Ẹni tí yóò lò ó pẹ́, kí dókítà máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín rẹ̀. Ó sì lè fún un ní omeprazole láti bo ikùn. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, àti aboyún, pàápàá láti oṣù karùn-ún, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án láìbéèrè. Kí a má sì fi ọtí lé e. Paracetamol kì í ṣe ìdílé wọn, ṣùgbọ́n òun náà kò gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ ti mílígíráàmù 500 lọ lóòjọ́, nítorí ẹ̀dọ̀. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, tàbí tí a bi ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.

Ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú páálí oògùn tó ń lò wá, kódà bó ṣe hóró kan ló kù. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ apoògùn ti gbà láti yẹ̀ wọ́n wò. N ó ti gbé tábìlì sí ẹnu ọ̀nà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.