Awọ Tí Ó Kù Lẹ́yìn Ọ̀rá: Ta Ni Yóò San Owó Iṣẹ́ Abẹ Rẹ̀?

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ òní ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ilé bí a ti lè rò. Ìlú tí kò ní ọmọ ní Houston, ní New York tàbí ní Maryland ti ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ohun tí ó bá sì dé bá ọmọ lọ́hùn-ún, kì í pẹ́ kí etí ilé tó gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ga ní mítà 1.65. Ní ìgbà tí ó sanra jọ̀kọ̀tọ̀, kílò 130 ni ó wọ̀n. Eékún ń ro ó, àtọ̀gbẹ ti mú un, bí ó bá sì sùn lóru, èémí rẹ̀ a máa há. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ sí àpò oúnjẹ inú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di kékeré, kí oúnjẹ díẹ̀ lè máa yó o. Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, ó di kílò 75. Kílò 55 ni ó ti sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, ẹrù tí ó wúwo ju odidi àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Àtọ̀gbẹ rọlẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn láì dúró sinmi, gbogbo ènìyàn sì ń kí i kú oríire. (Ní ìhín, bí ó bá wá sílé lọ́dún, àwọn àgbà lè fà á sí kọ̀rọ̀ láti béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá ni, nítorí àwa a máa ka sísanra sí àlàáfíà. Ìyẹn di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Ohun tí ojú ayé kò rí ni èyí tí ó wà lábẹ́ aṣọ. Awọ ara ènìyàn dà bí rọ́bà: a lè fà á, a sì lè jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó padà. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí a fi di ẹrù fún ọdún mẹ́wàá kì í padà sí bí ó ti wà nígbà tí a bá tú u. Nínú awọ ni àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí ń mú kí ó fà kí ó sì súnkì. Nígbà tí ọ̀rá bá ti nà wọ́n pẹ́, wọn a já. Kò sí ìpara tí a lè fi ra á kí ó súnkì padà. Eré ìdárayá lè mú iṣan le, kò lè ká awọ kúrò. Nítorí náà awọ ikùn a rọ̀ sílẹ̀ bí bàǹtẹ́, ti apá a máa fì bí ìyẹ́ àdán, ti itan méjèèjì a sì máa ha ara wọn bí ó bá ti ń rìn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tilẹ̀ pín awọ ikùn tí ó rọ̀ yìí sí ìpele 5: ìpele kìíní bo ibi tí irun abẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìpele karùn-ún dé orúnkún tàbí kí ó kọjá rẹ̀.

Lábẹ́ bàǹtẹ́ awọ yìí, afẹ́fẹ́ kì í dé ibẹ̀. Òógùn a máa dúró sí i, ibẹ̀ a máa gbóná, a sì máa tutù rinrin. Awọ a bẹ̀rẹ̀ sí bó, a pọ́n, a di egbò, egbò a máa ṣẹ omi, òórùn a sì bá a rìn. Ẹlòmíràn a máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, a máa fi aṣọ funfun tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí ó lè gbẹ, síbẹ̀ egbò a tún yọ. Ẹni tí dókítà ní kí ó máa rìn kí ọ̀rá má bàa padà wá ni ìrìn náà ń dùn lára báyìí.

Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni ó wà, òun náà ni kí a gé awọ náà kúrò. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ojú abẹ rẹ̀ lè lọ láti ìbàdí kan dé èkejì. Ẹ̀jẹ̀ lè dà, egbò lè ya, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń mu sìgá, àwọn dókítà kì í fẹ́ fi ọwọ́ kàn án títí yóò fi jáwọ́ nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ inṣọ́ráǹsì dé.

Ètò adójútòfò ìlera, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí inṣọ́ráǹsì, jọ àjọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjọ. Nínú àjọ, owó ẹni ni ẹni yóò kó. Nínú inṣọ́ráǹsì, owó àwọn tí ara wọn le ni a fi ń tọ́jú àwọn tí ara wọn kò yá, ẹni tí kò bá ṣàìsàn kò sì ní gba nǹkan kan padà. Nítorí náà ẹni tí ó di àpò mú gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ. Bí ó bá ń san owó ẹwà fún gbogbo ẹni tí ó béèrè, àpò lè gbẹ kí aláìsàn tí ìfun rẹ̀ lọ́ tó dé. Ìdí nìyí tí àwọn adójútòfò Amẹ́ríkà fi pín iṣẹ́ abẹ sí ọ̀nà méjì: èyí tí ara nílò, àti èyí tí ojú fẹ́. Medicare, ètò ìjọba àpapọ̀ wọn fún àwọn ẹni ọdún 65 sókè àti fún àwọn aláàbọ̀ ara kan, tí a fi òfin dá sílẹ̀ ní 1965, kì í san owó iṣẹ́ abẹ ẹwà, àfi bí ó bá jẹ́ àtúnṣe kíákíá lẹ́yìn ìjàǹbá, tàbí èyí tí yóò mú kí ẹ̀yà ara tí kò dára tó ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò aládàáni náà kò jìnnà sí èyí.

Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí nítorí pé wọ́n ń ṣọ́ àpò. Ibi tí wọ́n fa ààlà sí ni ìjà wà. Àpò kan náà ni ó san owó iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Láti 2006 ni Medicare ti ń san owó iṣẹ́ abẹ àpò oúnjẹ fún ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dé 35 tí ó sì ní àìsàn mìíràn tí ọ̀rá fà, tí ìtọ́jú mìíràn kò sì ràn án lọ́wọ́. Bí a ti ń ṣírò ìwọ̀n náà nìyí: a ó fi gíga ẹni ní mítà pín kílò rẹ̀, a ó sì tún fi gíga náà pín ohun tí ó jáde. Ti obìnrin wa yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 48 nígbà náà. Inṣọ́ráǹsì gbà pé àìsàn ni ọ̀rá rẹ̀, ó san owó láti mú un kúrò. Ṣùgbọ́n awọ tí ọ̀rá náà fi sílẹ̀, wọ́n ní ẹwà ni ó ń wá.

Kì í sì í ṣe pé wọn kì í san án rárá. Iṣẹ́ abẹ ikùn pín sí méjì lójú wọn. Èkíní ń jẹ́ panniculectomy: a gé bàǹtẹ́ awọ náà kúrò, ó tán. Èkejì ń jẹ́ abdominoplasty: a fa iṣan ikùn pọ̀, a sì tún ìdodo tò, kí ikùn lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n lè san ti èkíní. Ti èkejì, ó ṣòro kí wọ́n san án. Ti apá àti ti itan, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé rárá. Ẹni tí ó bá rò pé inṣọ́ráǹsì yóò fún òun ní ikùn ọlọ́mọge, kí ó ti mọ̀ ṣáájú.

Kí wọ́n tó san ti èkíní náà, ohun tí wọ́n ń béèrè pọ̀. Wọn a ní kí a ya fọ́tò aláìsàn lórí ìdúró, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò fi hàn pé awọ náà ti rọ̀ dé egungun abẹ́ tàbí kí ó kọjá rẹ̀. Wọn a ní kí ìwọ̀n ara ti dúró sí ojú kan fún bí oṣù 6, àti pé, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ àpò oúnjẹ ni ó mú ọ̀rá lọ, kí oṣù 18 ti kọjá lórí rẹ̀. Láti July 1, 2020, Medicare kì í san án fún ẹni tí ó bá ṣe é ní ẹ̀ka àwọn tí kì í sùn sí ilé ìwòsàn, àfi bí a bá ti gba ìyọ̀ǹda wọn kí á tó gbé abẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó máa ń gbé ènìyàn ṣubú jù ni ti egbò. Púpọ̀ nínú wọn ní ó gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé dókítà pé egbò tàbí ara bíbó náà ń padà wá, pé a ti fi oògùn tọ́jú rẹ̀ fún oṣù 3 ó kéré tán, tí kò sì san.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Obìnrin kan wà tí ó ní ìtìjú. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí abẹ́ ikùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ dókítà. Ó ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, ó ń fi páúdà sí i, ó ń fara dà á fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó béèrè fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ṣí ìwé rẹ̀, wọn kò rí egbò kankan nínú rẹ̀, wọ́n kọ̀ fún un. Òmíràn tí egbò tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó lọ rí dókítà ní gbogbo ìgbà tí ara rẹ̀ bó, tí wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ oògùn sílẹ̀, òun ni a san owó fún. Ìfaradà, tí àwa kà sí ìwà àgbà, di ohun tí a fi dá ẹni lẹ́bi. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí èyí ju kí ẹni tí ó ní ọmọ tàbí àbúrò nínú ipò yìí tètè sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí dókítà rí i láti ọjọ́ kìíní, kí ó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí inṣọ́ráǹsì san owó àtúnṣe ara lẹ́yìn ìwòsàn. Òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti ta ko èyí ní ọ̀nà mìíràn. Ní 1998 ni wọ́n ṣe òfin pé inṣọ́ráǹsì tí ó bá ń san owó gígé ọmú kúrò nítorí jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ san owó títún ọmú náà mọ pẹ̀lú, àti owó ṣíṣe ọmú kejì kí méjèèjì lè bá ara wọn dọ́gba. Kò sí ẹni tí ó ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ fi egbò hàn. A gbà pé ìwòsàn ni ó ba ara rẹ̀ jẹ́, àti pé ẹni tí ó san owó ìwòsàn ni yóò parí rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ọba ni ó ní owó láti tún ilé kọ́. Ẹni tí kò jẹ́ ọba, tí ọ̀rá jó kúrò lára rẹ̀, inú àlàpà ni ó ń gbé. Bí ìdájọ́ bá tọ́, yóò ṣòro láti sọ ìdí tí òfin 1998 fi kan ọmú tí kò sì kan ikùn.

Ọ̀rọ̀ náà yóò sì máa le sí i, nítorí oògùn abẹ́rẹ́ tí ń mú ènìyàn fọn ti dé: a fọwọ́ sí Wegovy ní Amẹ́ríkà ní June 2021, a sì fọwọ́ sí Zepbound ní November 2023. Àwọn tí abẹ kò kàn rí pàápàá ti ń bá awọ tí ó rọ̀ jìjàkadì.

Bí wọ́n bá kọ̀, ọ̀nà kò tíì dí. Òfin ìlera wọn ti 2010 fún ẹni tí ó wà lábẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ètò aládàáni ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ọjọ́ 180 ni ó ní, láti ìgbà tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀, láti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ó ní oṣù 4 láti gbé e lọ sí iwájú àwọn olùyẹ̀wò tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ náà, ohun tí àwọn yẹn bá sì sọ lórí ọ̀rọ̀ ìṣègùn ni abẹ gé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í lò ó. Wọn a ká ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà, wọn a fi sí àpótí, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ owó lọ́wọ́ ẹbí.

Ní ilé níhìn-ín, òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní May 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà wà nínú ètò adójútòfò ìlera, àwọn ìpínlẹ̀ wa sì ti ní ètò tiwọn. Nínú ìwé ètò bẹ́ẹ̀ ni a ti máa ń kọ àwọn ohun tí a kò ní san owó fún. Nígbà tí akọ̀wé ètò náà bá dé ìlú láti kọ orúkọ, kí a ní kí ó ka ibẹ̀ sókè ní èdè wa, níṣojú gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni tó ka owó jáde.