Hẹ́dà Tí Kò Sí Nílé: Bí A Ṣe Ń Ṣí Láíbìrì C Láti Orí Ẹ̀rọ Kan Lọ Sí Òmíràn

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kan gbogbo olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi èdè C kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Dennis Ritchie ni ó ṣe èdè náà ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1971 sí 1973. Ní ọdún 1973 ni wọ́n fi tún Unix, ètò tí ń darí ẹ̀rọ, kọ. Nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1978, Unix ti ti orí ẹ̀rọ PDP-11 dé orí Interdata 8/32, tí ìṣẹ̀dá rẹ̀ yàtọ̀ gedegbe. Láti ìgbà náà ni òkìkí ti kàn pé arìnrìn-àjò ni èdè C. Ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò a máa dé ibi tí ẹni tí ó ń wá kò sí nílé. Hẹ́dà wà lára ohun tí a sábà máa ń wá tì bẹ́ẹ̀.

Kí ni hẹ́dà? Fáìlì ìkéde ni. Ó ń sọ orúkọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe, ohun tí a ó kó fún iṣẹ́ náà, àti irú èsì tí yóò dá padà. Iṣẹ́ gan-an kò sí nínú rẹ̀. Inú láíbìrì, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ àṣesílẹ̀, ni iṣẹ́ wà. Kọ̀ǹpáílà, tí ń sọ ohun tí ènìyàn kọ di èdè ẹ̀rọ, a máa gba ìkéde yìí gbọ́. Bí kò bá rí hẹ́dà tí a dárúkọ, yóò dúró, yóò sì pariwo.

Oríṣi hẹ́dà méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ti èdè C fúnra rẹ̀, irú bíi stdio.h àti string.h, tí òfin èdè náà ti ọdún 1989 fi múlẹ̀. Bí Yorùbá àjùmọ̀lò ti rí fún Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ni wọ́n rí. Èkejì ni ti ètò tí ń darí ẹ̀rọ. Àdéhùn POSIX ti ọdún 1988 ni ó fi unistd.h lélẹ̀ fún àwọn ẹbí Unix, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpáílà Microsoft fún Windows kò ní in. Sys/socket.h tí Unix fi ń bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀, winsock2.h ni Windows fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà mìíràn, ọjọ́ orí ni ó fa ìyàtọ̀: stdint.h wọ òfin C ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n ọdún 2010 ni Visual Studio tó ní in.

Nígbà tí ariwo bá sọ, ọgbọ́n kánmọ́kánmọ́ méjì ni ó máa ń wá sí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan a ṣẹ̀dá fáìlì òfìfo, wọn a fún un ní orúkọ hẹ́dà tí ó sọnù. Àwọn mìíràn a lọ ṣe àdàkọ hẹ́dà ti Linux wá sórí Windows. Ariwo a dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Lórí Linux oníbíìtì 64, báìtì 8 ni long. Lórí Windows oníbíìtì 64, báìtì 4 ni. Ìkéde tí a yá lò lè tipa bẹ́ẹ̀ purọ́ nípa ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ, kí dátà sì bàjẹ́ láìsí ẹni tí yóò mọ̀. Ti fáìlì òfìfo náà kò sàn jù: ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpáílà àtijọ́ a máa rò pé nọ́ńbà int ni iṣẹ́ tí a kò kéde yóò dá padà. Bí ó bá jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì báìtì 8 ni ó dá padà, wọn a gé e sí 4. Ọdún 2024 ni GCC 14 tó sọ irú àìkéde bẹ́ẹ̀ di àṣìṣe tí ń dá iṣẹ́ dúró.

Kí ni ó wá tọ́? Kí a kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ètò ń fẹ́ lọ́wọ́ hẹ́dà náà. Bí kò bá fẹ́ ohunkóhun, kí a yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí ó pe malloc.h nítorí malloc nìkan, stdlib.h tó o. Bí iṣẹ́ náà bá wà lábẹ́ orúkọ mìíràn, kí a yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò dáadáa. Sleep ti Unix ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Sleep ti Windows ń ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ẹni tí ó kàn pààrọ̀ orúkọ láìfi 1000 sọ iye náà di púpọ̀, ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún yóò di ìṣẹ́jú ojú. Bí iṣẹ́ náà kò bá sì sí rárá, bí fork kò ti sí lórí Windows, kí láíbìrì sọ ọ́ gbangba; kí ó má ṣe bíi pé ó ṣe é.

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kí ó má ní ààlà. Fáìlì kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ìyàtọ̀ ẹ̀rọ gbé, kí ìyókù láíbìrì má mọ orí ẹ̀rọ tí ó wà.

Kí a sì béèrè ohun tí ẹ̀rọ ní, kí a má béèrè orúkọ rẹ̀. Autoconf, tí David MacKenzie bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ń dán hẹ́dà àti iṣẹ́ wò kí a tó kọ́ láíbìrì. Òfin C23 náà ti gba __has_include wọlé. Ẹ̀kọ́ èyí hàn ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí glibc 2.32 yọ sys/sysctl.h kúrò lórí Linux, bí ó tilẹ̀ wà lórí FreeBSD àti macOS. Ètò tí ó ti pinnu pé gbogbo Linux ni yóò máa ní in kọsẹ̀. Èyí tí ó dán an wò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì.

Orí láíbìrì kan ni ọ̀pọ̀ ètò ẹlòmíràn ń dúró lé. Nítorí náà, kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé àṣìṣe tí ń pariwo kì í ṣe ọ̀tá. Èyí tí a fi ipá pa lẹ́nu mọ́ ni yóò sọ̀rọ̀ níkẹyìn, lórí ẹ̀rọ ẹni tí kò mọ̀wọ̀n mọ̀bọ̀.